Imúlókè Wà Lójú Omi

Bíríkìlà ni mí, Heisuke lorúkọ mi. Kò sí adágún ẹja kan nílùú Yatomi tí ọwọ́ mi kò sí nínú sìmẹ́ǹtì rẹ̀, àfi èyí tí òjò bá gbẹ́ fúnra rẹ̀. Ìwé kẹfà ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, nítorí olùkọ́ wa ní ohùn mi ń fọ́ gíláàsì ojú fèrèsé. Kì í ṣe àsọdùn. Mo sín lẹ́ẹ̀kan létí odò Kiso, ọkọ̀ ojú irin dúró gbọnrangandan lórí afárá, awakọ̀ rò pé wọ́n fun fèrè sí òun ni.

Ìlú ẹja ni ìlú wa. Níbòmíràn, bí ènìyàn méjì bá pàdé láàárọ̀, wọn a béèrè ara, wọn a béèrè ọmọ. Níbí, "Omi ńkọ́?" là ń béèrè. Bí omi bá dára, ọmọ á rí nǹkan jẹ.

Ranchu lọba nínú gbogbo ẹja aláwọ̀ wúrà. Kò ní lẹbẹ lẹ́yìn, orí rẹ̀ rí gbúdugbùdu bí ẹni tí ọgọ́rùn-ún oyin ta, ìdí rẹ̀ yípo bí ìdí ìkòkò. Láti òkè ni a ti ń wò ó, nínú bàsíà funfun, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo adé. Ọba ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọba tí ìgò omi tútù kan lè pa. Bí àìsàn bá wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi ń mí, tí èémí kò dé inú rẹ̀ mọ́, yóò léfòó wá sójú omi, yóò na imú sókè, ẹnu rẹ̀ á máa ṣí, á máa pa. Orúkọ kan ṣoṣo ni àwa tí à ń sìn ín ní fún ìyẹn: Imúlókè. Ẹni tó bá pariwo "Imúlókè!" láàárín wa, ó dà bí ẹni tó pariwo "Iná!" láàárín ọjà. Oníkálukú á sọ ṣíbí sílẹ̀, á sáré lọ wo omi tirẹ̀.

Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Bàbá Kurachi ni olórí ẹgbẹ́ àwa olùsìn ranchu. Ó ga, ó gbẹ, ó sì máa ń gbé imú sókè bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń rùn àfi òun nìkan. Lọ́jọ́ kan tí òjò bẹ̀rẹ̀ níbi ìpàdé, mo ní kí ẹnì kan tètè wá ìdérí ìkòkò bo imú bàbá, kí wọ́n má baà kún fún omi. Mo tún ní, "Ẹ ò rí i pé Imúlókè ló ń ṣe wọ́n?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí tí ọkùnrin kan fi gbé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ mì, tí wọ́n sì ń retí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí oṣù náà tó tán, kò sí ẹni tó ń pe bàbá náà ní Kurachi mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Imúlókè ni. "Imúlókè ń bọ̀." "Imúlókè ra mọ́tò." Ọ̀rọ̀ tí à ń fi ń gba ẹja là ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹni tí mo fi ń ṣeré jù ni Àǹtí Sumie, aládùúgbò mi. Ọkọ rẹ̀, Torazo, ló kọ́ mi bí a ṣe ń mu ọtí láìṣubú, ẹ̀gbọ́n gidi ló jẹ́ fún mi. Ó ti kú. Wọn kò bímọ. Ohun tó fi sílẹ̀ ni ranchu mọ́kànlá, ìran kan náà tó ti ń fà bọ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, baba sí ọmọ, ọmọ sí ọmọ-ọmọ. Kò sí irú wọn níbòmíràn, nítorí Torazo ahun kì í fi ẹyin tọrẹ. Bí àwọn mọ́kànlá yẹn bá lọ, Torazo kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, èyí tí kò ní sàréè. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sumie mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Ẹ wo bó ṣe ń tọ́jú wọn! Láàárọ̀, kí ó tó bọ́ ojú, ó ti lọ bẹ̀rẹ̀ létí adágún. Á kọ́kọ́ wo ìgbẹ́ wọn: bí ó bá funfun tó sì ń fà bí òwú, inú ń run wọ́n, kò ní sí oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Á wo lẹbẹ: èyí tó bá pa á mọ́ ara bí ẹni tí òtútù ń mú, ara rẹ̀ kò dá. Á wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bóyá wọ́n ń ṣí dọ́gba. Á gbóòórùn omi. Bí yóò bá pààrọ̀ rẹ̀, á ti pọn tuntun sílẹ̀ láti àná kí oòrùn lè yá a, á sì bu díẹ̀ nínú omi àtijọ́ tó ti di àwọ̀ ewé padà sí i, kí ara má baà fu wọ́n. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Heisuke, ẹja kì í ké. Èyí tó bá kúrò láàárín ẹgbẹ́ tó lọ dá dúró ní igun, igbe tirẹ̀ nìyẹn."

Èmi wá máa dúró sẹ́nu géètì rẹ̀, màá fi ohùn mi tó ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró pariwo pé, "Imúlókè ti dé o!"

Áà! Àǹtí á já ìgbálẹ̀ sílẹ̀, á bọ́ épírọ́ọ̀nù tó dọ̀tí, á wọ tuntun, á gbé omi tíì kaná, á sáré jáde pẹ̀lú ìtẹríba tó lè kan ilẹ̀. Èmi nìkan ni yóò bá níta, tí mo di inú mú fún ẹ̀rín.

"Heisuke! Ẹnu yìí ni yóò pa ọ́!"

"Ó ti pa mí tipẹ́, Àǹtí. Tíì yẹn ló máa jí mi."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló fún mi ní tíì.

Lẹ́yìn ìdíje ẹja tó ń wáyé nígbà ìwọ́wé, Bàbá Kurachi wá fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé mo pariwo. Ó gbé àpò ọ̀rá kan tó kún fún omi dání, ranchu pupa kan sì wà nínú rẹ̀ tó tóbi tó bàtà ọmọdé, èyí tó gba ipò kejì níbi ìdíje.

"Ìyàwó Torazo, akọ nìyí. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹja tirẹ ti ń gbó. Fi èyí kún un, kí ìran náà lè lágbára."

Àǹtí Sumie dojú bolẹ̀. "Ẹ ṣeun gan-an, Ọ̀gá. Oore yìí ti pọ̀ jù fún irú mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin kan tí ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ nílùú wa. Ẹja tó bá ti ibi ìdíje dé kì í bá àwọn ará ilé wẹ omi kan náà. Inú bàsíà tirẹ̀ ni yóò wà, nínú omi oníyọ̀, fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán, nítorí níbi ìdíje, ẹja ọgọ́rùn-ún ilé ló ti mí sínú ara wọn. Àǹtí ti ń wo bàsíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Kurachi kò lọ. Ó dúró gbagidi, imú lókè, ó ń retí kí ẹ̀bùn òun wọ inú adágún.

Kí lo máa ṣe? Ẹ̀bùn ọ̀gá! Bí o bá gbé e sínú bàsíà lójú rẹ̀, ohun tí o ń sọ ni pé, "Bàbá, ilé yín dọ̀tí." Láyé, kò sí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ níbí.

"Mo rò pé..." ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Bóyá kí n jẹ́ kó sinmi díẹ̀ ná nínú..."

"Ó ti sinmi nílé mi," ni bàbá wí.

Àǹtí tú u sínú adágún. Mo wà níbẹ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í dúró, ọjọ́ náà ni ẹnu mi dúró.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Àǹtí ń lọ sí abúlé Torazo lórí òkè fún ìrántí ọdún kẹta ikú rẹ̀. Kò lè má lọ, òun ni opó. Ó mú mi lọ sétí omi kí ó tó wọ ọkọ̀.

"Wo akọ yẹn."

Akọ pupa náà dá dúró ní igun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ń ṣí, èkejì pa dé.

"Bí mo bá gbé e jáde lónìí, tí Ọ̀gá bá gba ibí kọjá..." Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀la lálẹ́ ni màá dé. Lálẹ́ ọ̀la, ì báà jẹ́ ọba ló fún mi, inú iyọ̀ ló ń lọ. Heisuke, máa bá mi wò wọ́n. Má fún wọn lóúnjẹ. Bí o bá rí ohunkóhun, ohunkóhun, pè mí. Nọ́ńbà tẹ́ńpìlì tí ìrántí ti máa wáyé nìyí. Má bá mi ṣeré lórí èyí, o gbọ́?"

"Àǹtí, bí mo bá ṣeré, kí sìmẹ́ǹtì gan mọ́ mi lẹ́nu."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo yọjú wo omi. Mẹ́ta nínú ẹja Torazo ti wà lókè. Wọ́n na imú, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa, ó ń ṣí, ó ń pa, bí àwọn àgbàlagbà tó ń gbìyànjú láti rántí orúkọ ẹnì kan. Mo sáré sídìí fóònù. Mo sáré tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà mi fi kù sẹ́yìn tó ń tọ̀ mí bọ̀.

Ẹni tó gbé e ní tẹ́ńpìlì lọ pe Àǹtí. Mo ń gbọ́ agogo, mo ń gbọ́ àwọn àlùfáà tí wọ́n ń kọ àdúrà òkú gbọ̀nràn-gbọ̀nràn. Lẹ́yìn náà ni ohùn Àǹtí dé, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ta ni?"

"Èmi ni. Àǹtí, Imúlókè wà lójú omi yín!"

"Heisuke! Wọ́n ń gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni àbí eré rẹ tún ni?"

"Òótọ́ pọ́ńbélé! Wọ́n wà níbẹ̀ báyìí bí mo ṣe ń sọ ọ́."

"Yéè! Nígbà tí mi ò sí nílé! Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n kàn dúró sójú kan ni. Wọ́n gbé imú sókè, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa."

Ó rẹ́rìn-ín sínú. "Ìyẹn kọ́ ni tuntun. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn."

"Ṣé kí n da iyọ̀ sí i?"

"Iyọ̀ kẹ̀! Mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ òkú, má dán an wò! Ṣé o fẹ́ ba ayé mi jẹ́ ni? Ẹyọ iyọ̀ kan kò gbọdọ̀ jáde nílé mi!"

"Kí wá ni kí n ṣe fún wọn?"

"Fún wọn ní nǹkan jẹ. Èyí pupa yẹn wà nínú fìríìjì, mo ti gé e sí wẹ́wẹ́. Má ṣahun. Lẹ́yìn náà, kí o fi wọ́n sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọn ò ní pẹ́ lọ."

Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ̀yin ti rí ibi tó ti wọ́. Èmi kò rí i. Ọkàn Àǹtí ti lọ sọ́dọ̀ Bàbá Kurachi, ó rò pé bàbá ló yọjú wá wo ẹ̀bùn rẹ̀, tó dúró létí omi tó ń gbé imú. Nílùú wa, bí àlejò tí a kò fẹ́ bá kẹ́yìn sí wa, a máa ń wọ́n iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó má baà padà wá mọ́. Ó rò pé mo fẹ́ da iyọ̀ sí olórí ẹgbẹ́ lára. Irú mi, ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Nǹkan pupa tó gé sí wẹ́wẹ́, oúnjẹ dídùn tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa àti ṣúgà sè ni, ti àlejò. Ó wà nínú fìríìjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lókè ibẹ̀, níbi tí yìnyín wà, kòkòrò pupa tí à ń fi bọ́ ẹja wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó dì gbagidi, Àǹtí ti gé òun náà sí wẹ́wẹ́.

Ọ̀mùtí tó ń sùn sójú gọ́tà ní Yatomi mọ̀ pé iyọ̀ la kọ́kọ́ ń fún Imúlókè, àti pé ẹja tí kò lè mí kò gbọdọ̀ jẹun. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo dúró níwájú fìríìjì yẹn tó odidi ọdún kan. Ṣùgbọ́n mo ní, Torazo ní àṣírí, ó sì fi àṣírí náà sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ta ni mí, bíríkìlà tí kò parí ìwé kẹfà? Mo fún wọn ní kòkòrò pupa. Mi ò ṣahun. Akọ Kurachi ló jẹ jù.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo ì bá sọ lórí fóònù: "Ẹja ń kú." Ọmọ ọdún méjì lè sọ ọ́. Àmọ́ Imúlókè ló wà lẹ́nu mi, ó ti mọ́ ọn lára, ó sì dùn ún sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, márùn-ún ti dojú ikùn sókè. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí débi tí ọgbọ́n fi tán. Mo gbọ́n omi dànù, mo fa omi kànga tútù sínú rẹ̀ tààrà, mo da iyọ̀ sí i bí ẹni ń se ọbẹ̀ ìlú. Ní ọ̀sán, mi ò kà wọ́n mọ́. Mo sọ fún ìyàwó alákàrà òdìkejì pé iṣẹ́ yọjú fún mi ní Nagoya, mo sì sá lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀, tí mò ń pa àwàdà fún wọn.

Nígbà tí mo padà, Àǹtí Sumie jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Akọ pupa nìkan ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún, ara rẹ̀ le koko, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ń ṣí dọ́gba. Àìsàn tó gbé wá ti mọ́ òun lára, àwọn ti Torazo ni kò mọ̀ ọ́n rí.

Mo kúnlẹ̀. Mi ò rí àwàdà kankan nínú ara mi.

"Kí ni mo sọ fún ọ gan-an lórí fóònù?" ló béèrè.

Mo sọ ọ́ lẹ́yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé tèmi. Nígbà tí mo dé ibi "Wọn ò ní pẹ́ lọ," ó gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́.

"Ọ̀gá Kurachi ni mo rò," ló wí.

"Mo ti mọ̀ báyìí, Àǹtí. Ẹ nà mí. Ẹ fi igi nà mí."

"Nà ọ́ kẹ̀? Dìde, o ń dí mi lójú."

A ò tíì kúrò níbẹ̀ tí Bàbá Kurachi fi wọlé pẹ̀lú páálí ìpápánu, imú rẹ̀ lókè síbẹ̀. Ó wo adágún. Ó mi orí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó Torazo. Mo sọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ ti gbó. Wo tèmi bó ṣe dúró! Ohun tó lágbára ló ń kù láyé."

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. "Bàbá, ẹja yín yìí ló gbé àìsàn wá! Ẹ dúró ti Àǹtí títí ó fi dà á sínú omi. Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n!"

Bàbá yí ojú sí mi díẹ̀díẹ̀. Kí ó tó ya ẹnu, Àǹtí Sumie ti dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ má dá a lóhùn, Ọ̀gá. Ẹ̀yin náà mọ Heisuke, aláwàdà ni. Oúnjẹ àjẹjù ni. Ẹ̀bi mi ni."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Heisuke! Ìwọ àti ẹnu rẹ yìí!" Ó gbá mi léjìká. Ó ní bí ìgbà ooru bá sún mọ́, òun á fún Àǹtí ní ọmọ ẹja mẹ́ta láti ilé òun, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Àǹtí dúpẹ́. Ó sìn ín dé géètì, ó tẹríba títí mọ́tò fi yí kọ́nà.

Kò padà bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ń bọ́ akọ pupa yẹn láràárọ̀, ó ń wo ìgbẹ́ rẹ̀, ó ń wo lẹbẹ rẹ̀. Mi ò rí i kó tún bẹ̀rẹ̀ sétí omi bíi ti tẹ́lẹ̀. Òòró ló ń dúró.

Ṣùgbọ́n ìtàn fóònù ti jáde síta. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ má béèrè lọ́wọ́ mi. Gbogbo Yatomi fẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn. Lọ́jọ́ òjò tí bíríkìlà kò lè ṣiṣẹ́, wọn a fà mí wọ ilé oúnjẹ Okane, wọn a ra abọ́ udon, núdù olómi gbígbóná, fún mi, wọn a ní, "Heisuke, sọ ti iyọ̀ yẹn." Màá sọ ọ́. Màá ṣe ohùn Àǹtí, màá ṣe ti àlùfáà, màá gbé imú bíi ti Kurachi. Ẹja mọ́kànlá di ogójì, ogójì di ọgọ́rin. Mo ní gbogbo wọn tò sójú omi bí ọmọ ilé ìwé, tí wọ́n ń bá àlùfáà kọrin. Àwọn ènìyàn ń fi orí gbá tábìlì.

Ọ̀sán òjò kan báyìí, mo ti dé ìparí ìtàn náà. Mo ní, "Nígbà tí Àǹtí máa wọlé, gbogbo wọn ti sùn lọ fọnfọn, kò ku ẹyọ kan!" Ilé hó yèè. Ìgbà náà ni mo rí i pé ẹnu àwọn tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ti ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àǹtí Sumie ló dúró níbẹ̀, agbòjò lọ́wọ́, ó wá ra udon mú lọ sílé. Mi ò mọ ìgbà tó ti dé.

"Méjì kù," ló wí.

Ó gbọn omi òjò kúrò lára agbòjò rẹ̀.

"Nígbà tí mo dé, méjì ṣì wà láàyè. Mo gbé wọn sínú bàsíà. Ọ̀kan lo ọjọ́ kan, èkejì lo mẹ́ta. Mo wá ọ wá sílé rẹ, Heisuke, kí o bá mi fi ọwọ́ gbé e ró nínú omi kí n lè sùn díẹ̀. Wọ́n ní o wà ní Nagoya."

Okane di udon fún un. Ó sanwó, ó dúpẹ́, ó ṣí agbòjò, ó lọ.

A ń gbọ́ òjò. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan láti abúlé kejì, tí kò mọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́, ti abọ́ ọtí kan sí iwájú mi.

"Ó dáa, ó dáa. Ibo lo bá a dé? Máa bá a lọ."

Mo bá ìtàn náà lọ.